Groot Constantia: Ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀ nípa oko wáìnì ẹ̀gbẹ́ òkè ní Cape Town kó tó gbé ife sẹ́nu

Ọmọ Nàìjíríà tó bá dé Cape Town lórílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, ìbáà jẹ́ ìpàdé ló bá lọ, ìbáà jẹ́ ìsinmi, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi bi í pé ṣé ó ti dé oko wáìnì. Ìbéèrè náà máa ń ya àwọn kan lẹ́nu. Kí ni èèyàn ń wá lọ sóko ọtí nígbà tí ọtí wà ní ṣọ́ọ̀bù? Ta ló ń sanwó kó lè lọ wo ibi tí wọ́n ti ń dá ẹmu?

Àmọ́ oko kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ọtí lọ. Groot Constantia ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1685 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, òun ni wọ́n sì kà sí àgbà láàárín àwọn oko tó ń ṣe wáìnì ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní Constantiaberg ló wà, níhà gúúsù ìlú Cape Town. Láti àárín ìlú, kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ pẹ̀lú mọ́tò, bí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kò bá sí.

Láyé àtijọ́, ààfin àwọn ọba Yúróòpù ni wáìnì oko yìí ń lọ. Ẹrú sì ni àwọn tó ń ro oko ọ̀hún, tí wọ́n ń ká àjàrà, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè jáde. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ tó kàn tọ́ ọtí wò, tó ya fọ́tò, tó sì padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ìdajì ni ohun tó rí.

Ilẹ̀ náà kò ṣófo

Ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Netherlands, tí gbogbo ayé mọ̀ sí VOC, ló tẹ̀ dó sí Cape lọ́dún 1652. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí àwọn ọkọ̀ wọn tó ń ná ọjà Íńdíà àti Indonesia á ti máa rí omi, ẹran àti ẹ̀fọ́ lójú ọ̀nà. Jan van Riebeeck tó jẹ́ olórí wọn gbin àjàrà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ọjọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 1659 ni wọ́n kọ́kọ́ fún wáìnì ní Cape.

Ohun tí àwọn tó ń polówó wáìnì kì í sábà fi kún un ni pé ọdún 1659 yẹn kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó náà àti àwọn Khoikhoi. Darandaran ni àwọn Khoikhoi, orí ilẹ̀ yẹn ni màlúù àti àgùntàn wọn ti ń jẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lójijì ni wọ́n rí i pé wọ́n ti fi ọgbà dí ọ̀nà omi mọ́ wọn.

Simon van der Stel dé lọ́dún 1679 láti wá ṣàkóso Cape. Lọ́dún 1685, VOC fún un ní ilẹ̀ ńlá kan lẹ́yìn òkè, ó sọ ọ́ ní Constantia, ó kọ́lé síbẹ̀, ó sì gbin àjàrà rẹpẹtẹ. Ìtàn ọkùnrin yìí gan-an ní kọ́lọ́fín tirẹ̀: inú ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí erékùṣù Mauritius ni wọ́n ti bí i, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin ará Íńdíà. Nígbà ìjọba apartheid, nígbà tí wọ́n ń fi àwọ̀ ara pín èèyàn, ẹni tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ bíi bàbá ńlá àwọn òyìnbó Cape nìyẹn o.

Van der Stel kú lọ́dún 1712, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta. Apá tí ilé ńlá wà ló di Groot Constantia. Ó kọjá lọ́wọ́ bíi mélòó kan, títí tí Hendrik Cloete fi rà á lọ́dún 1778. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló sọ wáìnì ibẹ̀ di olókìkí. Ọwọ́ ìdílé Cloete ló sì wà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Cape ti ń fi ẹrú ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti Madagascar, Mozambique, Íńdíà, Sri Lanka àti àwọn erékùṣù Indonesia. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 1658, ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n ń pè ní Hasselt kó ohun tó lé ní igba èèyàn dé Cape láti etíkun Popo, tó wà lórílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, tó sì ń lọ sí Lomé, ẹ̀gbẹ́ Popo yẹn ló gbà kọjá.

Bí ẹrú bá ti dé, orúkọ rẹ̀ á di ohun ìgbàgbé. Wọ́n á fún un ní orúkọ mìíràn, wọ́n á sì fi ibi tí wọ́n ti kó o wá kún un: ti Bengal, ti Madagascar, ti Cape. Àwọn mìíràn ń jẹ́ orúkọ oṣù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí àwọn ìdílé ní Cape Town dòní tí orúkọ bàbá wọn ń jẹ́ February tàbí September. Ní ilẹ̀ tí èèyàn ti mọ ohun tí oríkì àti orúkọ àbísọ jẹ́, kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti là á yé pé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ kò kéré.

Iṣẹ́ oko àjàrà kì í tán. Nígbà òtútù, wọ́n á máa gé ẹ̀ka. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á máa tu koríko. Bí èso bá pọ́n, wọ́n á ká a sínú agbọ̀n, wọ́n á gbé e lọ sí ibi ìfúntí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, ọdún 1834 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba Cape fòpin sí ìsìnrú níbẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lé ní 35,000. Síbẹ̀, wọn kò tíì lè lọ: wọ́n ní kí wọ́n ṣì máa sin ọ̀gá wọn fún ọdún mẹ́rin sí i bí ẹni ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ wo ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń ṣe é láti kékeré? Ọdún 1838 ni òmìnira tó dé.

Wáìnì tí Napoleon ń mu

Wáìnì tó gbé orúkọ Constantia dé òkè òkun jẹ́ wáìnì dídùn. Àjàrà kan tó ń ta sánsán, tí wọ́n ń pè ní Muscat, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn kì í yára ká a. Wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí igi títí tá á fi hunjọ, tí omi ara rẹ̀ á gbẹ, tí ṣúgà inú rẹ̀ á sì kó jọ. Omi tó máa jáde lára rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n á ki, á sì dùn bí oyin.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Napoleon, olú ọba ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní erékùṣù Saint Helena lọ́dún 1815, wáìnì Constantia wà lára ohun tí wọ́n ń gbé lọ fún un. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú lọ́dún 1821. Jane Austen, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dárúkọ wáìnì yìí nínú ìwé rẹ̀ Sense and Sensibility tó jáde lọ́dún 1811: obìnrin kan níbẹ̀ gbé ife Constantia kan wá fún ọmọbìnrin tí ọkùnrin já kulẹ̀. Kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe máa ń ní kí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ mu nǹkan tútù.

Ògo yẹn kò pẹ́ títí. Lọ́dún 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ àǹfààní owó orí tí wáìnì Cape ń jẹ lọ́jà wọn kúrò, wáìnì Faransé sì gba ọjà náà. Kò pẹ́ sí i ni kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera dé, tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà títí igi á fi kú. Ẹni tó bá mọ bí àrùn ṣe ń pa oko kòkó run á mọ ohun tí ojú wọn rí. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i nígbẹ̀yìn ni pé wọ́n ń mú gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, tí kòkòrò náà kì í lè pa, wọ́n á sì lọ́ ẹ̀ka àjàrà tiwọn mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọsàn nílé wa. Títí dòní, bí ọ̀pọ̀ jù lọ àjàrà wáìnì lágbàáyé ṣe ń hù nìyẹn.

Ìjọba Cape ra Groot Constantia lọ́dún 1885, wọ́n sì sọ ọ́ di oko ìdánwò. Wáìnì dídùn àtijọ́ náà pòórá pátápátá. Ọdún 2003 ni oko náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ padà, wọ́n pè é ní Grand Constance. Inú ìgò kékeré ló máa ń wà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Bí ìrìn náà ṣe ń lọ

Láti géètì ni ọ̀nà ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí ìlà àjàrà sì tẹ́ lọ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Bí èèyàn bá dúró sókè, á rí omi òkun False Bay lọ́ọ̀ọ́kán. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti orí omi yẹn ni àṣírí oko náà. Oòrùn Gúúsù Áfíríkà mú gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àjàrà tó bá sì yára pọ́n jù kì í ní adùn tó péye. Atẹ́gùn òkun ló ń tu ú lára, tó fi ń rọra pọ́n.

Ẹ rántí pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ yí padà sí ti Lọ́ńdọ́nù. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ sì ni òtútù àti òjò. Ẹni tó bá fẹ́ rí èso lórí igi, tó fẹ́ rí àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ká a, kó lọ láàárín ìparí oṣù kìíní sí oṣù kẹta. Bó bá lọ ní oṣù keje, igi tí kò ní ewé kankan ló máa bá, á sì nílò ẹ̀wù òtútù.

Ilé ńlá àwọn Cloete ló kọ́kọ́ ń gba ojú àlejò. Ilé funfun ni, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi bẹẹrẹ bolé láyé ọjọ́un. Koríko yẹn náà ló kó bá a nígbà tí iná jó o ní oṣù kejìlá ọdún 1925. Wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àga, bẹ́ẹ̀dì àti àwo tánganran olówó iyebíye ló kún inú rẹ̀. Ó rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àlejò má kánjú kúrò níbi àfihàn tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbésí ayé ẹrú lórí oko. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá nítorí pé aago ìtọ́wò ti ń lù, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí wọ́n pẹ́ sí.

Lẹ́yìn ilé náà ni ilé ọtí àtijọ́ tí Cloete kọ́ lọ́dún 1791. Ẹ gbójú sókè wo iwájú rẹ̀. Ère kan wà níbẹ̀ tí Anton Anreith gbẹ́, tó ń fi Ganymede hàn, ọmọkùnrin tí ìtàn àwọn Gíríìkì sọ pé àwọn òrìṣà jí gbé lọ sókè ọ̀run kó lè máa gbọ́tí fún wọn. Ọmọ tí wọ́n jí gbé kó lè wá máa bu ọtí fún olówó! Lára ilé tí ẹrú ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ó sì ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ sọ sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn nígbà yẹn.

Ilé ọtí tuntun ni wọ́n ti ń ṣàlàyé bí wáìnì ṣe ń di wáìnì. Ẹni tó mọ ẹmu á tètè lóye. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti inú agbè ló ń jẹ ṣúgà ẹmu tó fi ń kan, tó sì ń pani. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe nínú omi àjàrà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹmu òwúrọ̀ ti ń kan kó tó di alẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníwáìnì ń fi ẹ̀rọ mú un tutù kó lè rọra ṣe é fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n á sì dáàbò bò ó kí afẹ́fẹ́ má bàa sọ ọ́ di ọtí kíkan. Èèpo ló ń fún wáìnì pupa ní àwọ̀: bí wọ́n bá fi èèpo sílẹ̀ nínú omi rẹ̀, á pọ́n, bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, á funfun. Àwọn mìíràn á tún lo oṣù púpọ̀ nínú àgbá tí wọ́n fi igi óákù ṣe.

Ìtọ́wò kì í ṣe ìmutí

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò láti ilé ti ń ṣìnà nìyí. Wáìnì bíi márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú èèyàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó wà nínú gíláàsì kọ̀ọ̀kan kò ju ohun tí èèyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má bínú pé wọ́n ṣahun. Wọn ò ní kéèyàn yó.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ yí gíláàsì náà pòòyì díẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì fi imú sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mu díẹ̀, kí ẹ yí i káàkiri ẹnu kí ẹ tó gbé e mì. Èyí tó funfun tí kò sì dùn ló ń ṣáájú, Sauvignon Blanc sábà máa ń wà lára rẹ̀. Pupa ló ń tẹ̀ lé e. Pupa máa ń mú ẹnu gbẹ bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ obì, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Bí Pinotage bá wà níbẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò: Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti dá irú àjàrà yẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ló gbé irú méjì pọ̀ lọ́dún 1925. Èyí tó dùn ló ń gbẹ̀yìn.

Korobá kékeré kan á wà lórí tábìlì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tutọ́ wáìnì sí, tàbí kí wọ́n da ìyókù sí i. Nílé wa, ta ní í tutọ́ ọtí tó sanwó rẹ̀ dànù? Níbẹ̀, ìwà ọmọlúàbí ni, pàápàá fún ẹni tó máa wakọ̀. Òfin Gúúsù Áfíríkà kò fàyè gba kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó gíráàmù 0.05 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀, gíláàsì díẹ̀ sì lè gbé èèyàn kọjá ibẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni kí èèyàn gba tasín, tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń lọ sí agbègbè Constantia láti ìlú. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọtí níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì gba ọtí láyè lè rìn yí oko ká, kó wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kó sì jẹun. Bí ó bá rí bobotie nínú oúnjẹ àdúgbò náà, kó mọ̀ pé ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi èròjà tó ń ta sánsán sè, tí wọ́n sì da ẹyin lé lórí ni. Lọ́wọ́ àwọn ẹrú tó wá láti Éṣíà ni Cape ti kọ́ irú ìsebẹ̀ yẹn.

Gbèsè tó ṣì wà nílẹ̀

Lẹ́yìn tí ìsìnrú parí, ọ̀pọ̀ oko wáìnì ní ẹkùn Cape ń fi wáìnì tí kò níláárí ṣe apá kan owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe. Dop ni wọ́n ń pè é. Ife kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, òmíràn bí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tí ọtí bá ti mú lẹ́rú kò lè fi oko sílẹ̀, kò sì ní lókun láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òfin ti fòfin de dop láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ rẹ̀ kò jinná. Ẹkùn Western Cape wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ọmọ tí ọtí ti pa lára láti inú oyún jù lọ lágbàáyé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní ìṣòro ìdàgbàsókè àti ìṣòro nínú ẹ̀kọ́ títí ayé, kò sì sí oògùn tó lè mú un kúrò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ìkìlọ̀ fún aboyún lára ìgò wáìnì wọn.

Constantia tòde òní jẹ́ àdúgbò olówó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdílé àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba apartheid pè ní Coloured, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú, ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n lé wọn kúrò lábẹ́ òfin Group Areas, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Cape Flats, ilẹ̀ oníyanrìn tí atẹ́gùn ń gbá. Láti ọdún 1993, àjọ Groot Constantia Trust ló ń bójú tó oko náà kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Fún ẹni tó fẹ́ ra wáìnì bọ̀ wálé, inú báàgì tó máa wọ ikùn bàálù ni kó kó o sí, kó fi aṣọ wé ìgò kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní gbà á láyè nínú báàgì ọwọ́. Kó sì yẹ ìkànnì oko náà wò kó tó lọ, nítorí iye owó àti aago tí wọ́n ń ṣí máa ń yí padà.

Bí bọ́ọ̀sì bá dá àlejò padà sí àárín ìlú, kò tíì pọndandan kó lọ sùn. Gbàgede kan wà tí wọ́n ń pè ní Church Square, lẹ́bàá Slave Lodge, ilé tí VOC ń kó ẹrú tirẹ̀ sí. Òkúta dúdú mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 2008, àwọn kan tiẹ̀ máa ń jókòó lé wọn lórí láìmọ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹrú sára wọn. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí géètì, wọn kì í tì í.